Ẹkún tí dùùrù fà jáde

Múyìwá mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, òtútù ibẹ̀ yẹn ńkọ́? Àwa náà wà níbí, ìkóríta Tákíẹ́ ṣì ń pariwo bó o ṣe mọ̀ ọ́n, owó epo ti lọ sókè ṣùgbọ́n wọn ò yéé sìnkú wọn ò sì yéé gbéyàwó ní Ògbómọ̀ṣọ́, torí náà iṣẹ́ fídíò wa ń lọ, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run.

Mo ka ohun tó o kọ nípa fíìmù tó mú ẹ sunkún ní sinimá, mo sì rẹ́rìn-ín, má bínú. O ní o rí gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe, o rí bí kámẹ́rà ṣe ń sún mọ́ ojú ìyá yẹn díẹ̀díẹ̀, o gbọ́ bí dùùrù ṣe wọlé wẹ́rẹ́ tí gòjé sì tẹ̀lé e, o tiẹ̀ sọ nínú ara ẹ pé wọ́n tún ti dé o, síbẹ̀ omi bọ́ lójú ẹ, ìgbà tó o délé tán ni inú wá ń bí ẹ pé wọ́n fọgbọ́n gba omijé lọ́wọ́ ẹ. O wá ń bi mí pé ṣé olè kọ́ nìyẹn. Ó dáa, jẹ́ n sọ bí èmi tí mò ń fi gígé fídíò jẹun ṣe rí i.

Ọgbọ́n yẹn ti pẹ́ láyé. Ó ti lé lọ́gọ́rùn-ún ọdún tí ọkùnrin ará Rọ́ṣíà kan tó ń ṣe fíìmù, Lev Kuleshov, ti mú àwòrán ojú òṣèré kan tó ń jẹ́ Ivan Mosjoukine, ojú lásán ni o, kò rẹ́rìn-ín kò sì fajú ro, ó gé e lẹ̀ mọ́ àwòrán àwo ọbẹ̀, ó tún gé ojú kan náà mọ́ òkú ọmọ tó wà nínú pósí, ó tún gé e mọ́ obìnrin tó nà sórí àga. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, ńṣe làwọn tó wò ó ń yin òṣèré yẹn, wọ́n ní ẹ wo bí ebi ṣe ń pa á, ẹ wo ìbànújẹ́ lójú ẹ̀, ẹ wo bí ọkàn ẹ̀ ṣe fà sí obìnrin yẹn, bẹ́ẹ̀ ojú yẹn ò yí padà rárá, àwọn tó ń wò ó ló gbé ẹ̀dùn ọkàn tiwọn lé e lójú.

Èmi náà ti ṣe é, mi ò sì kábàámọ̀. A lọ ya òkú bàbá àgbà kan, àkọ́bí bàbá yẹn wá wà níbì kan nínú fídíò tó tẹjú mọ́ ọ̀ọ́kán, kò ṣẹ́jú. Mo mọ ohun tó ń wò torí èmi ni mo di kámẹ́rà mú: àwọn tó ń gbé kúlà ìrẹsì lọ sí abẹ́ tẹ́ǹtì tí kì í ṣe tiwọn ló ń wò. Nígbà tí mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo gé ojú yẹn sẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń sọ pósí kalẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n wò ó nílé wọn, ìyá wọn gbá àyà mú, wọ́n ní "ẹ wo bọ́mọ mi ṣe ń wo bàbá ẹ̀." Mo dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ọkùnrin yẹn ti sunkún títí ohùn ẹ̀ fi há kí àwa tó gbé kámẹ́rà dé láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo parọ́ nípa ìṣẹ́jú yẹn o, àmọ́ mi ò parọ́ mọ́ ọkùnrin náà.

Oníbàárà mìíì wá dé lẹ́yìn ìyẹn, òkú tí ẹnikẹ́ni ò fi bẹ́ẹ̀ sunkún níbẹ̀, àwọn ọmọ ti ń jà lórí ilé kí wọ́n tó sìnkú, ó ní kí n bá òun fi orin arò sí i kó dà bíi pé ó dun gbogbo èèyàn. Mo fi sí i, mo rọra mú kí àwòrán máa falẹ̀, mo ṣe é kó dúdú díẹ̀, kò sì sí ohun tó yí padà, ńṣe ló tún wá hàn kedere pé inú ẹ̀ ṣófo, torí orin ń sunkún níbi tí àwọn èèyàn ti ń wo fóònù. Olè tó ò ń wí nìyẹn lójú tèmi, kí wọ́n fẹ́ gba omijé sórí ohun tí wọn ò sọ̀tàn ẹ̀ fún ẹ.

Fíìmù tiwa náà ń ṣe é, ṣebí o mọ̀, àrá á sán gbà! wọ́n á fi ojú ìyá ọkọ hàn lẹ́ẹ̀mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, àrá tún sán, bẹ́ẹ̀ ìyá yẹn kàn ní kí wọ́n gbé omi wá ni. Ìyẹn máa ń sú mi. Àmọ́ àwọn akọrin inú fíìmù Yorùbá yẹn, àwọn tó máa ń kọ ìtàn lórin kó tó ṣẹlẹ̀, tí ọkùnrin ò tíì wọ bàtà tán láti lọ bá àlè tí wọ́n ti ń kọ ọ́ lórin pé ìyà ń bọ̀, àwọn èèyàn ń fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀, èmi fẹ́ràn wọn o! Wọn ò fara pa mọ́ fún ẹ. Wo Saworoidẹ tí Tunde Kelani ṣe ní 1999, wọ́n ti sọ fún wa pé ọba tí ò bá ṣe ètùtù tó tọ́ tí wọ́n wá lu ìlù saworoidẹ nígbà tó dé adé, ẹ̀fọ́rí ni á pa á, torí náà nígbà tí ìlù bá dún, àyà á já wa torí a mọ ohun tó ń bọ̀. Àwọn òyìnbó náà mọ̀ ọ́n, orin John Williams nínú Jaws ti 1975, fíìmù ẹja ńlá tó ń pa èèyàn jẹ, nóòtì méjì péré ni, ó máa ń dún tí ẹja yẹn bá ń bọ̀, ṣùgbọ́n tí àwọn ọmọ bá fi páálí ṣe lẹbẹ ẹja láti fi dẹ́rù ba èèyàn orin yẹn ò ní dún, ó ti kọ́ ẹ pé tí òun ò bá dún kò séwu, ìgbà tó yá ni ẹja gidi wá yọrí lójijì láìsí orin. Mo pariwo lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ wò ó.

Ohun tó wá yí ọkàn mi padà lórí ọ̀rọ̀ kí ọgbọ́n hàn tàbí kó má hàn ni ẹkún ìyàwó. Ìyá mi àgbà sun ún nígbà tí wọ́n ń lọ ilé ọkọ, nígbà tí wọ́n ṣì ń sun ún dáadáa ní agbègbè Ọ̀yọ́ àti tiwa níbí. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn tó ti lọ ṣáájú ni wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n mọ ibi tí wọ́n á ti rẹ ohùn sílẹ̀, wọ́n mọ ọ̀rọ̀ tí bàbá á gbọ́ tí á sì gbójú sílẹ̀. Ìyá wọn sì wà nínú yàrá kejì tó ń gbọ́ gbogbo ìgbà tí wọ́n ń fi kọ́ra, ó ti gbọ́ ọ títí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n sórí, ó tiẹ̀ máa ń bá wọn tún un ṣe. Ọjọ́ wá pé, ọmọ kúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan náà yẹn, ìyá bú sẹ́kún. Ta ló tàn án jẹ? Ọmọ ẹ̀ ń lọ lóòótọ́. Alága ìdúró òde òní náà ń gbìyànjú ẹ̀, á ní kí onílù rọra, á ní kí ọmọ wo ojú bàbá ẹ̀, bàbá á sì máa wá hánkáṣíìfù kiri, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn owó ni wọ́n ń fi wá.

Torí náà, pé o rí kámẹ́rà tó ń sún mọ́ ìyá yẹn ò sọ ọ́ di olè. Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe ni kó o tún wá ibi yẹn wò, kó o pa ohùn ẹ̀ pátápátá, bí a ṣe ń ṣe nígbà tí a bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwòrán dúró lórí ẹsẹ̀ ara ẹ̀. Tí ìyá yẹn bá ṣì dùn ẹ́ láìsí dùùrù, a jẹ́ pé òun lo sunkún fún. Tó bá sì jẹ́ pé obìnrin kan tó ń wo fèrèsé lásán lo rí, máa bínú lọ, mo wà lẹ́yìn ẹ.

O ò tiẹ̀ sọ orúkọ fíìmù ọ̀hún fún mi. Kọ ọ́ ránṣẹ́, kó o sì bá mi kí ìyàwó.

Èmi ni,
Táíwò