Àbẹ̀kẹ́, kó o tó wọ ọkọ̀, pè mí

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Báwo ni òtútù ibẹ̀? Mo mọ̀ pé á yà ẹ́ lẹ́nu pé Mọ́mì ń tẹ lẹ́tà gígùn ránṣẹ́ dípò kó ṣe fóìsì nóòtù bó ṣe máa ń ṣe. Mo ṣe fóìsì yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, mo pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ohùn mi ló ń gbọ̀n, mi ò sì fẹ́ kó o gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́, tó bá jẹ́ pé inú ọkọ̀ lo wà má tíì kà á, jẹ́ kó o dé yàrá ẹ ní Bochum ní Jámánì níbẹ̀ ná.

Lọ́jọ́ Sátidé, ìgbà mọ́kànlá ni mo pè ẹ́. Láti aago mẹ́wàá àárọ̀ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, "calling" ló kàn ń kọ, kò kọ "ringing" lẹ́ẹ̀kan. Má sì sọ fún mi pé aago ò dọ́gba o, látìgbà tí wọ́n ti yí aago yín padà níparí oṣù October, aago kan náà la jọ ń lò, aago mẹ́rin mi ni aago mẹ́rin ẹ. Alẹ́ ni mo tó rí ẹ lórí státọ́ọ̀sì, o wà lókè téńté ṣọ́ọ̀ṣì gogoro Köln yẹn, o na ọwọ́ méjèèjì, atẹ́gùn ń fẹ́ ìborùn pupa tí mo kì sínú báàgì ẹ lọ́jọ́ tó ò ń lọ, o wá kọ ọ́ sábẹ́ ẹ̀ pé àtẹ̀gùn 533 lo gùn. Àbẹ̀kẹ́! O gun 533, o ò wá ráyè tẹ "Mọ́mì, mo wà ní Köln"?

Ó rẹwà ṣá. Mi ò ní purọ́. Mo fi han Dádì yín, wọ́n ní 1248 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé yẹn, 1880 ni wọ́n tó parí ẹ̀, wọ́n ṣírò ẹ̀ fún mi lójú ẹsẹ̀, ọdún 632. O mọ̀ pé olùkọ́ ìtàn ò ní fẹ̀yìntì nínú wọn láéláé. Inú wọn dùn gan-an. Àwọn náà sì béèrè pé, ta ló mọ̀ pé ó lọ síbẹ̀?

Wọ́n ń kí ẹ. Ara wọn ti ń yá, ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn ló ga díẹ̀, wọ́n ti wálé báyìí. Fẹ́mi ti gba fọ́ọ̀mù JAMB, Medicine lòun máa kọ, Physics ẹ̀ ni ò jẹ́ kí n sùn. A ti kun ẹnu ọ̀nà iwájú. Ewúrẹ́ ìyá onílé kejì ti jẹ ewúro mi tán.

Ìyá Bísọ́lá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ọmọ òun tó wà ní Dortmund sọ pé òun ò rí ẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, pé ojú ọ̀nà lo máa ń wà ní gbogbo wíkẹ́ẹ̀ńdì, òní Amsterdam, ọ̀la Aachen, ọ̀tunla Paris, pé ṣé ẹ̀kọ́ lo lọ kọ́ àbí ìgbádùn. Mo ń wọn àǹkárá fún kọ́sítọ́mà lọ́wọ́, mi ò gbójú sókè, mo ní ọmọ mi ń la ojú, kí ọmọ tiẹ̀ náà rìn díẹ̀. Ó lọ. Ṣùgbọ́n mo wọn ọ̀pá mẹ́rin ní márùn-ún fún oníbàárà yẹn, ibi tí ọkàn mi wà nìyẹn.

Mi ò sọ pé kó o má rìn o. O ti ṣàlàyé tíkẹ́ẹ̀tì yẹn fún mi, pé owó kan lẹ ń san lóṣù tó fi jẹ́ pé gbogbo ọkọ̀ ojú irin tí kì í ṣe èyí tó ń sáré jù yẹn lẹ lè wọ̀ yíká Jámánì, pé ti ọmọ iléèwé tún dínwó sí i. Ó yé mi. Nígbà tó o lọ sí Berlin tó o ní o fẹ́ lọ wá ohun tí Frobenius, òyìnbó Jámánì yẹn, kó kúrò ní Ifẹ̀ níbí ní 1910, ìtàn igbó Olókun tí Dádì yín ti ń sọ sí ẹ létí láti kékeré, odidi ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi ń ròyìn ẹ fún gbogbo ẹni tó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa. Ìrìn yẹn, o sọ fún wa kó o tó lọ. O rántí? O fi fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́, o sọ orúkọ ọmọ tẹ́ ẹ jọ lọ. Kí ló wá ṣẹlẹ̀ láti ìgbà yẹn? Ṣé mo bínú ni? Ṣé mo sọ̀rọ̀ owó ni?

Bó bá jẹ́ pé mo sọ̀rọ̀ owó, dákun, má gbé e sọ́kàn. Òótọ́ ni pé 11,904 Yúrò tí wọ́n ní ká tì pa sínú àkáǹtì yẹn kí wọ́n tó fún ẹ ní físà ló gbé ilẹ̀ wa tó wà lọ́nà Ìbàdàn lọ, owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí mo yá kún un, mo ṣì ń san án. Ṣùgbọ́n 992 tó ń jáde sí ẹ lọ́wọ́ lóṣooṣù, tìẹ ni, mi ò ní kó o wá máa ṣírò ẹ̀ fún mi. Ohun tó ń dùn mí ni oúnjẹ. Ìwọ lo sọ fún mi pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ló ń tì lọ́jọ́ Sọ́ńdè, pé Sátidé lèèyàn gbọ́dọ̀ rajà. Tó o bá wá lo Sátidé lójú ọ̀nà, kí lò ń jẹ ní Sọ́ńdè? Dá mi lóhùn. O sọ fún mi nígbà kan pé o kó ogún ìgò oníke lọ sínú ẹ̀rọ tó ń gba ìgò yẹn, ó fún ẹ ní 5 Yúrò, o fi ra búrẹ́dì àti ẹyin. Ò ń rẹ́rìn-ín bó o ṣe ń sọ ọ́, èmi náà ń bá ẹ rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a gbé fóònù sílẹ̀ mo lọ sẹ́yìn ilé mo sunkún. Ra gàrí sílé. Ọmọ Ifẹ̀ ò gbọ́dọ̀ wà láìní gàrí nílé, tí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Áfíríkà bá tiẹ̀ jìnnà, ra á lẹ́ẹ̀kan náà kó pọ̀.

Iṣẹ́ tó ò ń ṣe yẹn náà, ọjọ́ 140 tí wọ́n fàyè gbà fún yín lọ́dún, má kọjá ẹ̀ nítorí owó tíkẹ́ẹ̀tì. Ìyẹn nìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́, ohun kan wà tí mi ò sọ fún ẹ rí. Dádì yín nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ṣé o rántí ẹkọ́sọ̀n Ìkògòsì, nígbà tó o wà ní JSS 2? 2,500 náírà ni wọ́n ní ká san. Mo ní kò sówó. O sunkún títí, lọ́jọ́ tí bọ́ọ̀sì iléèwé yín ń kọjá o lọ dúró sẹ́nu géètì nínú yúnífọ́ọ̀mù, ò ń juwọ́ sáwọn ọ̀rẹ́ ẹ. Owó wà. Inú àpò ìdí mi ló wà bó o ṣe ń juwọ́ yẹn. Ìkògòsì gan-an ni mi ò fẹ́ gbọ́ sétí.

Ní 1989 mo wà níléèwé àwọn olùkọ́ ní Oǹdó, ọdún kejì mi nìyẹn. Àwa mẹ́rin tá a jọ wà ní yàrá kan la dáwó jọ, a ní ká lọ wo omi gbígbóná Ìkògòsì, abẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ṣì wà nígbà yẹn, 1996 ni wọ́n tó dá Èkìtì sílẹ̀. Fúráídè la lọ, a gba Àkúrẹ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí mo mọ̀ pé tí màámi bá gbọ́, wọ́n á ní kí n má lọ. Nígbà tó di Sátidé mo dúró síbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé, mo ki ẹsẹ̀ kan bọ ìhín, mo ki ìkejì bọ ọ̀hún, mò ń rẹ́rìn-ín ṣáá, mi ò tíì rí ohun tó dùn tó yẹn rí láyé mi. Sátidé yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin dé Oǹdó wá mú mi. Màámi ti dùbúlẹ̀ láti Wẹ́sìdeè, orúkọ mi ni wọ́n ń pè. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi, kò sì sẹ́ni tó lè sọ ibi tí mo wà fún un. Ó rò pé ọjà ni mo lọ, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu géètì hostel, ilẹ̀ sú, ó sùn síbẹ̀. Ọ̀sán Sọ́ńdè ni mo dé, mo gbé ìgò omi Ìkògòsì dání tí mo bù fún màámi, ó ti tutù. Ẹ̀gbọ́n mi ò bá mi wí, ó kàn gba báàgì lọ́wọ́ mi. Nígbà tá a fi máa dé Ifẹ̀, màámi ti lọ láti àárọ̀.

Ìdánwò ni mo máa ń sọ fún yín pé mò ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n kú. Kò sídàánwò kankan. Títí ẹ̀gbọ́n mi fi kú, kò bi mí léèrè ibi tí mo lọ, èmi náà ò sọ fún un, ó sì yẹ kí n sọ.

Ó dáa, jẹ́ kí n kúkú sọ eléyìí náà. Lọ́jọ́ Sátidé tí mò ń pè ẹ́, ọsibítù la wà. Dádì yín ṣubú ní balùwẹ̀ láàárọ̀. Wọ́n ti wálé, wọ́n ń jẹun, mi ò purọ́, bí mo ṣe kọ ọ́ lókè ló rí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń tì wọ́n wọlé, Dádì yín ní kí n pe Àbẹ̀kẹ́. Mo pè ẹ́. Mo wà nínú kọ́rídọ̀, Fẹ́mi mú dókùmẹ́ǹtì lọ́wọ́, mo ń wo "calling" yẹn, bẹ́ǹṣì tí ẹ̀gbọ́n mi sùn sí ni mò ń rí. Kì í ṣe ẹjọ́ ẹ. O ò mọ̀. Mi ò sì fẹ́ kó o gbé e ka ara ẹ pé o ṣe nǹkan burúkú, àtẹ̀gùn lo gùn, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni ẹ́, kí lo fẹ́ máa ṣe ní Sátidé, kó o jókòó ti ògiri?

Máa lọ. Èmi ni mo ní kó o máa lọ. Mi ò gbà kó o lọ lọ́dún yẹn, lọ báyìí, lọ síbi tó bá wù ẹ́. Ṣùgbọ́n pè mí kó o tó wọ ọkọ̀. Tí mi ò bá gbé e, tẹ orúkọ ìlú náà nìkan ránṣẹ́, "Brussels", ó tó. Sọ fún ọmọ yàrá kejì ẹ náà, kó o fún un ní nọ́ńbà mi. Gbé páwà báńkì dání. Mú páàsípọ́ọ̀tù àti káàdì ìgbélùú ẹ, wọ́n ti ń yẹ̀wé wò padà ní bọ́dà Jámánì láti 2024, mi ò fẹ́ kí wọ́n sọ ẹ́ kalẹ̀ lóru. 112 ni nọ́ńbà tí wàá pè tí nǹkan bá ṣe ẹ́ níbikíbi níbẹ̀, kọ ọ́ sí pépà, fi sínú àpò kóòtù. Má sùn ní stéṣọ̀n. Tí ọkọ̀ ìkẹyìn bá já ẹ sílẹ̀, pè mí, ká jọ wà lórí fóònù títí ilẹ̀ á fi mọ́, mo ní dátà.

Fúráídè yìí ńkọ́? O ní ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ lọ sí Brussels. Aago mélòó ni ọkọ̀ yẹn máa gbéra?

Dádì yín ti jí. Wọ́n ń béèrè ta ni mò ń tẹ gbogbo eléyìí sí, mo ní Àbẹ̀kẹ́ ni. Wọ́n ní kí n bi ẹ́ bóyá o ti jẹun.

Mọ́mì ẹ.