Lẹ́tà sí Àjàní: kíréènì Ọ̀gá ti dìde

Olúyọ̀lé, Ìbàdàn

Àjàní ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù o. Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Àlàáfíà ni gbogbo wa wà níbí, Ọlọ́run ṣeun.

Fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ láti etí omi Bristol nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé ọwọ́ mi, mo sì ti wò ó tó ìgbà ogún. Kíréènì tí wọ́n ṣe ní 1878, tí oru omi ṣì ń gbé ṣiṣẹ́! Mo lọ kà nípa rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Stothert & Pitt ní ìlú Bath ló ṣe é, tọ́ọ̀nù 35 ló lè gbé, William Fairbairn ló sì ronú kan ọrùn tó tẹ̀ bí ti lékeléke yẹn, tó gba ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1850. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló tún un ṣe lẹ́yìn tó ti dákẹ́. Ohun tó wú mi lórí jù ni ọrùn náà: páálí irin ni wọ́n kàn pọ̀, inú rẹ̀ ṣófo bí ọparun, síbẹ̀ kò sí wáyà kankan tó dì í mú lẹ́yìn. Bó ṣe tẹ̀ yẹn ni ẹrù ńlá fi ń ráyè wọ abẹ́ rẹ̀ láì kọ lù ú. Ká ní Ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ wà láyé ni, wọn ì bá fi fọ́tò yẹn há ara ògiri ṣọ́ọ̀bù.

Ìdí tí mo fi ń kọ̀wé gan-an rèé: kíréènì Ọ̀gá ti dìde. Ọkọ̀ kíréènì Kato tọ́ọ̀nù 20 yẹn, èyí tí àwa méjèèjì fi kọ́ṣẹ́, tó ti wà lẹ́yìn ọgbà lábẹ́ igi máńgòrò láti ọdún 11 sẹ́yìn. Àwọn onírin ti wá wò ó nígbà méjì. Ìgbà kejì, wọ́n ti gbé gáàsì ìgérin wá, wọ́n ti ń bá àkọ́bí Ọ̀gá dúnàádúrà, kí Màmá, ìyàwó Ọ̀gá, tó pè mí lórí fóònù. Ohun tí wọ́n sọ kò pọ̀: “Àkànní, máa bọ̀ kíákíá, wọ́n fẹ́ gé ọkọ̀ ọ̀gá rẹ.” Mo fi iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ mi sílẹ̀. Nígbà tí mo dé, mo bẹ àkọ́bí kó fún mi ní oṣù mẹ́fà. Oṣù mẹ́jọ ni mo lò nígbẹ̀yìn.

Ẹ́ńjìnnì kò yọ wá lẹ́nu púpọ̀. Eku ti kọ́lé sí ibi tó ti ń fa afẹ́fẹ́, dísẹ́ẹ̀lì inú táǹkì sì ti dì bí ọṣẹ dúdú, ṣùgbọ́n nígbà tí a fi ọwọ́ yí i tó sì yí, ọkàn mi ti balẹ̀. A fọ táǹkì, a gbé nọ́sùlù lọ fún àwọn tó ń ṣe é, a ra bátìrì tuntun méjì, ó sì dún.

Inú ọ́ìlì ni wàhálà wà. Nígbà tí mo tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ táǹkì háídírọ́líìkì, èyí tí ọ́ìlì tó ń ti àwọn jáàkì wà nínú rẹ̀, omi lásán ló kọ́kọ́ tú jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún kẹ́ẹ̀gì lítà 5. Ẹ̀yìn omi ni ọ́ìlì tó wá yọ, ó funfun bí ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́. Òjò ọdún 11 ló ń gba ẹnu ìdérí tó sán wọlé, o sì mọ̀ pé ibi tí omi bá ti dé nínú páǹpù, irin ibẹ̀ ń jẹ díẹ̀díẹ̀ nìyẹn. A da gbogbo rẹ̀ nù, a tú họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, a fọ inú wọn, a sì pààrọ̀ gbogbo èyí tó ti gan.

Jáàkì ńlá tó ń gbé apá sókè ló dùn mí jù. Apá kan ọ̀pá dídán rẹ̀ ló wà níta ní gbogbo ọdún yẹn, ìpẹtà sì ti jẹ ẹ́ ní ihò ṣóńṣó ṣóńṣó, bí ojú ẹni tí ilẹ̀ẹ́gbóná jà. Síìlì tuntun, rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, kò lè pé ọ̀sẹ̀ kan lórí irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀; yóò fá a bí ìgbà tí fáìlì bá fá rọ́bà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí Owódé Onírin l'Ékòó kí n tó rí tòkunbọ̀ tí gígùn rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ bá tiwa mu. Ti ẹsẹ̀ mẹ́rin tó máa ń yọ sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀rẹ́ wa tọ́nà, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ fá irin, tó wà nítòsí ló bá wa dí ihò ara ọ̀pá wọn, tó sì fi ẹ̀rọ rẹ̀ dá wọn padà sí dídán. Kò tó tuntun, ṣùgbọ́n kò jò.

Orí ọ̀rọ̀ wáyà tó ń fa ẹrù sókè ni èmi àti àkọ́bí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jà. Ó ní gíríìsì ṣì wà lára wáyà àtijọ́, ó ń dán, kí ló dé tí a fi fẹ́ ná irú owó bẹ́ẹ̀. Mi ò bá a jiyàn. Mo fi skùrúdíráfà ya ojú wáyà náà níwájú rẹ̀, a sì jọ rí i tí ìpẹtà dà jáde láti inú rẹ̀, pupa bí osùn, ó dà sórí bàtà rẹ̀. Wáyà tó bá ti jẹ nínú, ìta rẹ̀ á kàn máa tàn ọ́ ni. Ó lọ mú owó wá lọ́jọ́ yẹn.

Àjàní, gbọ́ èyí. Nígbà tí a na apá náà jáde tán, tí àwọn ọmọṣẹ́ ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fá a, ọ̀kan nínú wọn pè mí pé òun rí ọ̀dà funfun. Ìlà Ọ̀gá ni! Ìlà kan, ìlà méjì, ìlà mẹ́ta, èyí tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn fà sára apá náà nítorí pé wọn ò lè ka páálí òǹkà tó wà nínú kàbù, èyí tó ń sọ ìwọ̀n ẹrù tí apá lè gbé bó bá ṣe jìn tó. O rántí àárọ̀ tí wọ́n gbé korobá omi fún ọ, tí wọ́n ní kí o gbé e mọ́ àyà, lẹ́yìn náà kí o na ọwọ́ rẹ gbọọrọ? Ọwọ́ rẹ gbọ̀n, omi dà sí ọ lẹ́sẹ̀, a sì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Bẹ́ẹ̀ náà ni kíréènì. Ẹrù kò yí padà, ọwọ́ ló jìn.” Àwọn tó ń wá háyà ẹ̀rọ kò mọ̀ ọ́n títí di òní. Wọ́n á ní tọ́ọ̀nù 20 ni wọ́n kọ sí i lára, láì mọ̀ pé nítòsí, ní mítà 3 péré láti àárín ibi tó ti ń yípo, ló ti lè gbé iye yẹn. Bí apá bá ṣe ń jìn sí i ni iye tó lè gbé ń já wálẹ̀.

Mo nu páálí òǹkà náà títí ó fi ṣeé kà, mo sì fi téèpù wọn ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìlà kọ̀ọ̀kan fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà kan kúrú sí ibi tí páálí sọ pé ẹrù náà lè dé. Ìkan náà ni gbogbo rẹ̀ fi kúrú. Ọ̀gá tí kò ka ABD mọ ibi tó yẹ kí wọ́n dúró sí, wọ́n sì tún dúró díẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀ nítorí tiwa. Mo jókòó sórí táyà fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè dìde. A kun gbogbo apá náà ní ọ̀dà yẹ́lò, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan àwọn ìlà yẹn. Èmi fúnra mi ni mo fi ọ̀dà funfun tọ̀ wọ́n.

Ọjọ́ tí a dán an wò, Màmá gbé àga wá síta láti agogo méje àárọ̀. Kóńkírì tọ́ọ̀nù 2 la fi bẹ̀rẹ̀. A gbé e kúrò nílẹ̀ díẹ̀, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sára ọ̀pá jáàkì, a pa ẹ́ńjìnnì, a sì dúró. Nígbà tó fi máa di ìṣẹ́jú 10, ìlà náà ti wọlé ní ìwọ̀n ìka méjì. Ó ń rọ̀ wálẹ̀. Ojú tì mí níwájú Màmá, ṣùgbọ́n wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ní kí ọmọ lọ ra ẹ̀kọ àti àkàrà wá.

Fáàfù ìdí jáàkì ni. Òun ló ń há ọ́ìlì mọ́ inú rẹ̀, kí apá má baà já lu èèyàn lórí bí họ́ọ̀sì bá bẹ́. Nígbà tí mo tú u, ìpẹtà kan tí kò tóbi ju ẹyọ yànmọ̀tí kan lọ ló há sẹ́nu rẹ̀ tí kò jẹ́ kó pa dé. Mo fọ̀ ọ́, mo tún gbogbo ọ́ìlì sẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ní Ọjọ́bọ̀ a tún un gbé. Ìṣẹ́jú 10, ìṣẹ́jú 20, ṣọ́ọ̀kì kò kúrò lójú kan. Màmá dìde, wọ́n rìn yí i ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì ki Ọ̀gá láti ìbẹ̀rẹ̀ oríkì wọn dé òpin.

Kò tíì jáde fún iṣẹ́ o. Ẹni tó ń yẹ ẹ̀rọ wò ti wá, ó ní ká pààrọ̀ bíréèkì ìyípo kí òun tó fún wa níwèé, ó sì tọ̀nà. Ẹnì kan ti fowó lọ̀ mí pé kí n yọ́ wá bá òun gbé tìráńsífọ́mà. Mo ní rárá.

Mo fẹ́ kí o bá mi ṣe nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún dáná sí kíréènì Bristol yẹn, sún mọ́ àwọn àgbàlagbà tó ń tọ́jú rẹ̀. Ìdí rẹ̀ wọ inú ilẹ̀ lọ, etí omi ló sì wà. Bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é tí ìpẹtà kò fi jẹ ìdí náà. Ya fọ́tò ibi tí wọ́n ti ń fi gíríìsì sí i, kí o sì fi fọ́tò tèmi tó wà nínú àpò ìwé yìí hàn wọ́n. Sọ fún wọn pé ẹlẹgbẹ́ wọn ló wà n'Íbàdàn.

Màmá ní kí o pe àwọn ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ní sípánà 32 rẹ ṣì wà nínú àpótí ẹsẹ̀ kíréènì, níbi tí o gbàgbé rẹ̀ sí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àkànní