Akápò Tó Ń Fi Ìwé Owó Pamọ́ Kì Í Ṣe Olórí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú làálàá. Láti ìgbà tí ìjọba Amẹ́ríkà ti dá owó ìrànwọ́ ilẹ̀ òkèèrè dúró lóṣù Kínní ọdún 2025 ni mo ti ń ka èrò àwọn èèyàn nínú ìwé ìròyìn yín lórí àwọn àjọ aláàánú tó kógbá sílé. Àwọn kan ní Trump ló fà á, àwọn kan ní ìjọba tiwa ni. N kò tíì rí ẹni tó sọ̀rọ̀ kan akápò. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe ní àjọ kan n'Ìbàdàn níbí, àjọ tó ń tọ́jú àwọn tó ní kòkòrò HIV àtàwọn ọmọ aláìlóbìí. Ohun tí mo rí lọ́wọ́ ọ̀gá wa obìnrin, olórí ẹ̀ka ìnáwó wa, ló mú mi kọ lẹ́tà yìí. N kò ní í dárúkọ rẹ̀, torí kò fẹ́ràn ariwo.

Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ jẹ́ kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà lóṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan tí à ń ṣẹ́ ní nǹkan bí 470 náírà fò kọjá 700 láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejì ọdún 2024, ó ti tó 1,500. Dọ́là sì ni àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́ fi ń sanwó, ni owó wa ní báńkì bá wú. Inú wa dùn. Àwọn kan ní ká ra ọkọ̀ tuntun, àwọn kan ní ká fi kún owó oṣù. Ọ̀gá wa pè wá jókòó, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, owó yìí ò pọ̀ sí i o. Náírà ló fúyẹ́." Ó mú iye tí à ń ra ìrẹsì àti ẹ̀wà àwọn ọmọ tẹ́lẹ̀, ó kọ iye tó ti dà báyìí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ṣe owó ọkọ̀ abúlé bákan náà, àwa fúnra wa sì rí i pé ọjà ti ń jẹ èyí tó lé. Ó wá kọ̀wé sí àwọn tó ni owó pé kí wọ́n jẹ́ ká tọ́jú ìyókù de ọjọ́ ìṣòro. Àwọn kan ní ká dá tàwọn padà, a sì dá a padà. Èyí tí àwọn yòókù yọ̀ǹda la rí lò nígbà tí ìwé dá-iṣẹ́-dúró dé lójijì lọ́dún 2025.

Ọ̀pọ̀ ọ̀gá ni ì bá ti ilẹ̀kùn mọ́rí lọ́jọ́ náà. Òun ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ wá sí gbọ̀ngàn, títí kan awakọ̀, ọlọ́dẹ àti màmá tó ń gbálẹ̀. Ó ti lẹ ìwé owó mọ́ ògiri, bébà ńláńlá tó fi tépù so pọ̀, ó sì fi bírò pupa fa ìlà sí ibi tí owó yóò ti tán. Màmá agbálẹ̀ kò kàwé. Ọ̀gá wa fà á lọ́wọ́ dé ìdí ògiri, ó fi ìka rẹ̀ lé ìlà pupa náà: "Màmá, bí ẹnikẹ́ni ò bá fi kọ́bọ̀ kún un, ìparí oṣù Kẹrin lowó oṣù wa máa dúró. Ẹ tètè máa wá nǹkan kún un." Owó oṣù tirẹ̀ ló kọ́kọ́ gé, ó gé e sí ìdajì lórí bébà kan náà lójú wa. Kó tó di oṣù Kẹrin, màmá ti ń ta ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ní ẹnu ọ̀nà wa láàárọ̀.

Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ wà nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn. Àwọn ará wa kan ní London ló dá a jọ, ọmọ nìkan ni wọ́n sì ní ká ná an fún. Alága wa ní ká yá nínú rẹ̀ san owó ilé, tí nǹkan bá ṣẹnuure ká dá a padà. Ọ̀gá wa kúnlẹ̀ kí bàbá náà, ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú, n kò ní í fọwọ́ sí i." Kò sì fọwọ́ sí i. A kó kúrò nínú ilé ńlá, a há ara wa mọ́ yàrá méjì, àwọn ọmọ kò pa ọjọ́ kan jẹ nílé-ìwé.

Òfin owó ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ní kí òṣìṣẹ́ dá ìdá 8 nínú 100, kí agbanisíṣẹ́ fi 10 sí i, kó sì dé ibi tó yẹ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 lẹ́yìn tí wọ́n bá sanwó oṣù. Mo mọ àjọ tó ń yọ ọ́ lára owó òṣìṣẹ́ tí kì í débì kankan. Tiwa ń lọ lóṣooṣù, kí a tó ra epo jẹnẹrétọ̀. Ìgbà tí a dá àwọn kan dúró níṣẹ́, tẹkún tẹkún ni, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bá àpò owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lófìfo.

A máa ń sọ pé orí èèyàn pé bí ti alájọ Ṣómólú, tó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́. Mo fara mọ́ kẹ̀kẹ́ yẹn, torí òun ló gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀. Àmọ́ ohun tí wọ́n tún fi ń yìn ín, pé ó mọ owó gbogbo èèyàn lórí láìkọ ọ́ sílẹ̀, n kò fẹ́ ẹ lọ́wọ́ akápò ìjọ mi, n kò fẹ́ ẹ lọ́wọ́ akápò ẹgbẹ́ mi. Owó gbogbo wa kò gbọ́dọ̀ wà nínú orí ẹnì kan.

Olóòtú, lóṣù Kejì ọdún 2025, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin fi bílíọ̀nù 300 náírà kún ètò ìṣúná ìlera láti dí àlàfo tí Amẹ́ríkà fi sílẹ̀. Owó yẹn náà ní akápò. Ẹ bá wa rán akọ̀ròyìn yín lọ síbẹ̀. Kó má ṣe béèrè lọ́wọ́ mínísítà nìkan. Kó wá ẹni tó ń fọwọ́ sí fáúṣà, kó bi í léèrè iye tó ti jáde, ilé ìwòsàn tó lọ, àti ìgbà tó máa fi ìwé rẹ̀ han àwọn aláìsàn tí wọ́n torí wọn yọ owó náà.

Èmi ni,
Òṣìṣẹ́ ìṣirò owó kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.