Àkànní, ṣé o ṣì ń lọ síléèwé?

Mọ́níyà, Ìbàdàn
Ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn

Àkànní ọmọ mi,

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo pè ẹ́ lánàá, o ò gbé e. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó ń jókòó tì mí ní Bódìjà ló ní òun rí ẹ ní Ìwó Road lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lábẹ́ agboòrùn oníPOS, o ń ka owó fún èèyàn. Mo ní kì í ṣe ìwọ. Ó ní bí o ṣe máa ń da orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan yẹn, òun ò lè ṣì í mọ̀ láéláé. Ìbàdàn níbí! O wọ Ìbàdàn, o ò yà sílé. Abẹ́òkúta ni mo mọ̀ pé o wà. Ṣé o ṣì ń lọ síléèwé, Àkànní?

Ewúrẹ́ bí méjì, ọ̀kan kú. Orúnkún bàbá rẹ ṣì ń dùn ún, kò sì gbà kó lo oògùn. Àbúrò rẹ ti san owó WAEC, ó ku ti NECO.

Mo mọ̀ pé ọdún kẹrin yìí le. Ẹ̀ ń jí lọ sóko iléèwé kílẹ̀ tó mọ́, ẹ̀ ń kọbè, ẹ̀ ń sin adìyẹ, ẹ tún ń kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé fún olùkọ́. Owó tó yẹ kí n fi ránṣẹ́ lóṣù tó kọjá náà, o ò rí i. Bó bá jẹ́ ebi ló lé ẹ dé Ìwó Road, sọ fún mi. Màá bínú o, ṣùgbọ́n màá ti bu gàrí sínú àpò fún ẹ kí inú tó bí mi tán.

Bó bá sì jẹ́ ìtìjú ni, èmi ni mo gbìn ín sí ẹ lára. Nígbà tí o wà ní kékeré, bí o bá ti gba òdo nínú ìṣirò, màá ní, “Bí o ò bá kàwé, oko lo máa lọ.” Owó oko ni bàbá mi fi tọ́ mi, èmi wá sọ oko di pàṣán. Nígbà tí ìwé ìgbaniwọlé dé, tí wọn ò fún ẹ ní dókítà tí o béèrè, tó jẹ́ ẹ̀kọ́ nípa irúgbìn àti oko dídá ni wọ́n fún ẹ, ẹkún ni mo sun. Mo tún lọ sọ fáwọn ẹgbẹ́ obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì pé dókítà lọmọ mi ń kọ́. O dúró lẹ́yìn mi, o gbọ́, o ò sọ nǹkan kan. Bí fóònù rẹ bá ń dún tẹ́nikẹ́ni ò gbé e, ìdákẹ́jẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo ń gbọ́.

Ṣé o rántí ẹ̀gẹ́ oko wa lọ́nà Ìṣẹ́yìn? O yí ewé kan padà, o fi àwọn eṣinṣin funfun tíntìntín hàn mí, wọn ò tó orí abẹ́rẹ́. O ní àwọn ló ń gbé àrùn kiri, pé ewé tó pọ́n tóótòòtó tó sì lọ́ yẹn, àrùn mòsáíkì ni, kò sí oògùn tó lè wò ó, kí n fà á tu, kí n má sì gé igi rẹ̀ gbìn. Mo ní ṣé ìwọ lo máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbin ẹ̀gẹ́. Igi yẹn náà ni mo gé gbìn. Gbogbo rẹ̀ ló hu tòun ti ewé lílọ́. Lóṣù tó kọjá, mo fa ìdí mẹ́ta tu. Ó ti lé lọ́dún kan nínú ilẹ̀, ohun tó wà nídìí rẹ̀ ò ju ìka mi lọ. Ẹ̀gẹ́ yẹn ni mo fojú sí pé màá tà láti fi owó ránṣẹ́ sí ẹ.

Ojoojúmọ́ ni mọ́tò ń gbé mi kọjá lẹ́nu géètì IITA, ibi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí nípa irúgbìn. Láti 1967 ni wọ́n ti wà níbẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe irú ẹ̀gẹ́ tí àrùn yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ mú, àwọn èèyàn ń ti òkè òkun wá kọ́ ọ. Ọmọ tí mo bí sọ ọ́ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, mo kọ̀.

Má rò pé mo ti gbàgbé Ìwó Road o. Ta ló kọ́ ẹ pé kí o máa sá fún ìyá rẹ nínú ìlú tó bí ẹ sí? Bí o bá ti kúrò lóko iléèwé, padà lọ́la. Lọ bá olùkọ́ tó ń bójú tó yín, kúnlẹ̀, sọ òótọ́. Ṣé o ṣì wà níbẹ̀? Kí n ṣáà gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.

Awakọ̀ tó gbé lẹ́tà yìí bọ̀ ní gàrí kóńgò mẹ́rin lọ́wọ́ fún ẹ. Mo rà á ni, kì í ṣe ti oko wa. Owó àjọ mi wà nínú ọ̀rá tó wà láàárín gàrí náà, fọwọ́ wá a dáadáa.

Lónìí, lẹ́yìn ìsìn, mo dìde, mo sọ fáwọn obìnrin yẹn pé kì í ṣe dókítà lo ń kọ́, mo sì sọ ohun tí o ń kọ́ fún wọn. Ìyá kan tẹ̀ lé mi jáde. Ó ní kí n bá òun bi ẹ́ ohun tó ń jẹ àgbàdo òun láàárín ewé, tó ń su nǹkan bí èérún pákó sílẹ̀ síbẹ̀. Mo ní màá bi ọmọ mi. Ó máa padà wá bá mi lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀. Jọ̀ọ́, gbé fóònù.

Èmi ìyá rẹ ni.