Ọmọ tí wọ́n gún pa ní Kétu: níbo ni àwọn ẹlẹ́rìí wà?

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú akitiyan. Mo ka ohun tí ẹ kọ lórí ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n fi ọ̀bẹ gún pa níbi ìnáwó òkú ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Mo sì rí àwòrán àwọn ọ̀dọ́ tó wọ́ lọ sí kọmísáríà, àgọ́ ọlọ́pàá, tí wọ́n gbé páálí lọ́wọ́, tí wọ́n ń kígbe pé ìdájọ́ òdodo làwọn ń fẹ́. Ohun tí wọ́n ń béèrè tọ́, èmi náà ń béèrè rẹ̀. Ojú mi ni ọmọ náà ṣe dàgbà. Iṣẹ́ ajórin ló ń kọ́, ó sì ti kọ́ ọ tán. Ìyá rẹ̀ ti ra aṣọ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe ìgbòmìnira rẹ̀, aṣọ náà kò tíì kúrò nínú ọ̀rá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni béèrè nínú gbogbo ariwo yìí: nínú èrò tó wà lábẹ́ àtíbàbà lálẹ́ ọjọ́ náà, mélòó ló ti lọ sọ ohun tó rí fún ọlọ́pàá?

Ìnáwó ńlá ni. Àga kún dé etí títì, iná sì mọ́lẹ̀ kedere. Inú òkùnkùn kọ́ ni wọ́n ti gún un. Àwọn tó wà nítòsí rí ẹni tó kọ́kọ́ na ọwọ́, wọ́n rí ibi tí ọ̀bẹ ti jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí wọ́n bi wọ́n, kálukú ní, "Mi ò sí ńbẹ̀, mo ti lọ sílé." Bẹ́ẹ̀ àwọn kan nínú wọn ló ya fídíò, tí wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ káàkiri lórí WhatsApp. Orí fóònù ọmọ àdúgbò ni ìyá ọmọ náà ti rí òkú ọmọ rẹ̀, tòun ti ojú ọgbẹ́ lábẹ́ ìhà, kí àwọn àgbà tó wá túfọ̀ fún un. Ẹ̀yin tí fídíò yìí wà lọ́wọ́ yín, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ yé fi ṣe ìran wò. Ẹ má sì pa á rẹ́ o. Ẹ gbé fóònù tí ẹ fi yà á lọ sí kọmísáríà.

Mo mọ ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù. Wọ́n ní ẹni tó bá lọ jẹ́rìí ni wọ́n máa kọ́kọ́ tì mọ́lé. Wọ́n ní Faransé ni wọ́n fi ń kọ ohun téèyàn bá sọ, wọ́n á wá ní kó tẹ̀ka sí ohun tí kò yé e. N kò ní bú ẹnikẹ́ni torí ẹ̀. Olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti rí àgbàlagbà tó mọ̀rọ̀ọ́ sọ, tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀ níwájú ìwé Faransé. Ọwọ́ ìjọba ni èyí wà. Kí ẹni tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní ẹni tó gbọ́ Yorùbá lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n ka ìwé náà fún ẹlẹ́rìí ní èdè rẹ̀ kó tó tẹ̀ka sí i. Ní Kétu, ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò wọ́n.

Ó tún dùn mí pé àwọn àgbà kan ti ń wọlé tọ ìdílé lọ lóru. Wọ́n ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, wọ́n ní òkú kò ní jí, kí wọ́n fọwọ́ wọ́nú. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Bó bá ṣe ọ̀rọ̀ ààlà oko ni, tàbí gbèsè, tàbí ìjà tọkọtaya, ẹ jẹ́ ká jókòó ká parí ẹ̀ nílé. Ẹ̀mí èèyàn kọ́. Kí wọ́n sì mọ̀ pé ẹjọ́ ìpànìyàn kì í ṣe ti ìdílé nìkan. Pòrókúrọ̀, agbẹjọ́rò ìjọba, ló ń pe irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ìyá bá ní òun ti dárí jì, tí bàbá ní àwọn kò ṣe mọ́, ìyẹn nìkan kò lè pa ẹjọ́. Ohun tí ẹ̀bẹ̀ òru yìí lè ṣe ni pé kó pa àwọn ẹlẹ́rìí lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ní ẹ máa dáná sun ilé bàbá ẹni tí wọ́n mú, ẹ jọ̀ọ́, kí ni bàbá ṣe? Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 11 oṣù Kejìlá 1990 sọ ní abala 17 pé ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn kò tíì jẹ̀bi títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi ní gbangba. Àwọn kan ní kí wọ́n pa á. Ìdájọ́ ikú kò sí mọ́ ní Bẹ̀nẹ̀: a tọwọ́ bọ àdéhùn àgbáyé lórí ẹ̀ ní 2012, ilé ẹjọ́ tó ń ṣọ́ òfin orílẹ̀-èdè sì fi òpin sí i ní 2016. Ẹ̀wọ̀n gbére wà fún ẹni tó bá gbèrò kó tó pànìyàn. Ẹni tó bá lu èèyàn tàbí tó gún un láìní in lọ́kàn láti pa á, ẹ̀wọ̀n tirẹ̀ kì í ṣe gbére. Ta ni yóò wá sọ èyí tó jẹ́? Ṣé ilé ni ó ti mú ọ̀bẹ bọ̀ ni, àbí orí tábìlì àwọn tó ń gé ẹran ló ti fà á yọ? Ṣé ó kọ́kọ́ lọ, kó tó padà wá? Ẹni tó wà níbẹ̀ nìkan ló lè dáhùn. Ẹ ń béèrè ìdájọ́, ẹ̀rí tó máa gbé e dúró sì wà lẹ́nu yín.

Sí àwọn aláṣẹ: abala 18 òfin yẹn kan náà ní ẹ kò gbọdọ̀ ti èèyàn mọ́lé ju wákàtí 48 lọ láìgbé e dé iwájú adájọ́, àfi tí adájọ́ bá fi kún un, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 8 lọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé afurasí kúrò ní Kétu lọ sí ilé ẹjọ́ Pọ̀bẹ́. Ẹ kò ṣàlàyé, làwọn ará ìlú bá ní ẹ ti gbowó, ẹ ti tú u sílẹ̀. Kí Pòrókúrọ̀ wá sọ̀rọ̀ lórí rédíò ìlú wa, ní Yorùbá. A kò ní kó tú àṣírí ìwádìí. Kó sọ iye ẹni tó wà ní àhámọ́, ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n, àti ọ̀nà tí ìdílé lè gbà dara pọ̀ mọ́ ẹjọ́ náà. Kó tún máa padà wá sọ ibi tó dé, nígbà tí ariwo bá ti rọlẹ̀ pàápàá.

Ẹni tó bá rí ohun tó ṣẹlẹ̀, tó ń bẹ̀rù àtidá lọ, kó wá sí ilé mi. Màá bá a lọ sí kọmísáríà. Bí wọ́n bá sì gbà mí láyè, màá ka ìwé náà fún un ní Yorùbá, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, kó tó tẹ̀ka sí i.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Kétu.