Ìyá Ìbejì, wọ́n fìdí rẹmi ní ìgbà 121

Chicago, oṣù kẹwàá 2024

Ìyá Ìbejì tèmi,

Báwo lẹ ṣe wà n'Ìbàdàn? Táyé àti Kẹ́hìndé ńkọ́? Má bínú pé mi ò tètè fèsì, gbogbo voice note ẹ ni mo gbọ́. O ní kí n ṣàlàyé ìdí tí mo fi pè ẹ́ ní aago mẹ́rin ìdájí níjọ́sí pẹ̀lú ẹkún lọ́rùn, tó o rò pé ẹnì kan ti kú. Ẹnikẹ́ni ò kú o. Tíìmù Bàbá ló borí.

O rántí bàbá òyìnbó tí mo ń tọ́jú nílé wọn lápá gúúsù ìlú yìí. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ẹsẹ̀ ò gbé wọn mọ́ àmọ́ orí wọn pé pérépéré, White Sox sì ni ẹ̀mí wọn. Bésíbọ́ọ̀lù ni o, eléyìí tí wọ́n ń fi igi gbá. Ọmọdé ni Bàbá lọ́dún 1959 tí tíìmù yẹn dé àṣekágbá tí Dodgers nà wọ́n 4-2, wọ́n tún ṣojú 2005 tí wọ́n lu Houston 4-0 gbáko tí wọ́n gba ife World Series, èyí tí wọ́n ti gbà kẹ́yìn kó tó dìgbà yẹn, 1917 ni! Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ṣé mo lè jókòó wo géèmù pẹ̀lú àwọn. Mo ní kò sí wàhálà, mo rò pé ọjọ́ Sátidé nìkan ni, bíi ti bọ́ọ̀lù tiwa.

Géèmù 162 ni! Láàárín oṣù mẹ́fà péré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojoojúmọ́. Kò sí ọ̀mì, kò sí pé àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú pé kí rẹfirí fọn fèrè, àfi kí ẹnì kan borí. Bí wọ́n bá sì nà ẹ́ lálẹ́ òní, ọ̀la o tún ń wọ aṣọ jáde.

Wọ́n sì nà wọ́n lọ́dún yìí. Géèmù àkọ́kọ́, Detroit, 1-0, bẹ́ẹ̀ Garrett Crochet tó ju bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà ṣe dáadáa. Ọmọ yẹn ò tíì bẹ̀rẹ̀ géèmù kankan rí ní líìgì àgbà kó tó di ọjọ́ yẹn, kí ọdún tó parí ó ti fi bọ́ọ̀lù lé 209 kúrò nídìí igi, òun nìkan ló máa ń jẹ́ kí Bàbá jẹun tán. Nínú géèmù 25 àkọ́kọ́, 3 ni wọ́n jẹ. Nígbà tó di oṣù keje wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pàdánù títí wọ́n fi pàdánù 21 tẹ̀léra, ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ni wọ́n tó borí Oakland 5-1, nígbà tó di ọjọ́ 8 wọ́n lé kóòṣì. Lójoojúmọ́ ni mò ń tan tẹlifíṣọ̀n, lójoojúmọ́ ni Bàbá ń dé fìlà. Mo bi wọ́n lọ́jọ́ kan pé ṣé kí n yí i síbòmíì, wọ́n wò mí bí ẹni pé mo ní kí àwọn lé ọmọ àwọn síta.

Ìwọ náà mọ nǹkan tí mò ń sọ, ìwọ tí bàbá ẹ máa ń gbé lọ sí Adamasingba láti wo 3SC. Àmọ́ tìyẹn tiẹ̀ lè já wálẹ̀ kó tún padà gòkè. Níbí, wọn kì í já. Kódà tíìmù tó burú jù ló máa ń wà lára àwọn tó ń kọ́kọ́ mú nínú àwọn ọ̀dọ́ tuntun, kí wọ́n lè gbérí, àmọ́ òfin kan wà fún àwọn tíìmù olówó ìlú ńlá pé wọn ò lè wà nínú kèké tí wọ́n ń ṣẹ́ láti mọ tíìmù tó máa kọ́kọ́ mú lọ́dún méjì tẹ̀léra, torí náà àwọn tó gbẹ̀yìn pátápátá yìí, ipò kẹwàá ni wọ́n máa tó mú ẹnì kan lọ́dún tó ń bọ̀. Ó dùn mí gan-an.

Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹsàn-án wọ́n pàdánù ìkọgọ́fà, ìyẹn 120, wọ́n bá tíìmù Mets ti New York ọdún 1962 dọ́gba, ẹyọ kan péré ló kù kí wọ́n di ẹni tó pàdánù jù láti 1900. Bẹ́ẹ̀ géèmù mẹ́ta pẹ̀lú Angels ló kù nílé. Ọmọ Bàbá ra tíkẹ́ẹ̀tì Túsìdeè fún wa.

Kí a tó wọlé Bàbá ní kí n ti kẹ̀kẹ́ àwọn lọ sí òdìkejì títì 35th. Ibẹ̀ ni Comiskey, pápá White Sox àtijọ́, wà, ibi ìgbọ́kọ̀sí ni wọ́n sọ ọ́ dà, wọ́n sì fi àmì síbi tí ẹni tó mú igi máa ń dúró sí. Bàbá ṣí fìlà. Wọn ò sọ nǹkan kan, èmi náà dákẹ́.

Nínú pápá, ọ̀pọ̀ èèyàn wá wo bí rẹ́kọ́ọ̀dù ṣe máa já ni, wọ́n ń pariwo pé kí ẹni tó ni tíìmù tà á. Angels ń nà wá 2-0 títí di abala kẹjọ nínú mẹ́sàn-án. Lẹ́ẹ̀kan náà wọ́n gba mẹ́ta wọlé! Bàbá di ọwọ́ mi mú, wọ́n fún un débi pé ó dùn mí dọ́jọ́ kejì. 3-2 ló parí sí. Mo délé, mo pè ẹ́.

Ọjọ́ kejì wọ́n tún borí, 4-3, abala kẹwàá tí wọ́n fi kún mẹ́sàn-án ni wọ́n tó já a. Ọjọ́ kẹta, 7-0. Fráìdeè ni Detroit wá nà wọ́n 4-1, tí 121 pé, àwọn ará Detroit ń jó torí géèmù yẹn ló gbé wọn wọ ìdíje ìparí ọdún. Bàbá ní kí n má pa tẹlifíṣọ̀n, pé méjì ṣì kù. Wọ́n jẹ méjèèjì.

Nísinsìnyí tó ti parí, ọ̀sán gùn nílé yìí. Mo ka lẹ́tà ẹ tó kẹ́yìn fún wọn, mo túmọ̀ ẹ̀, wọ́n ní kí n kí ẹ. Lánàá wọ́n ní kí n mú kàlẹ́ńdà tuntun wá, kí n fi bírò pupa yí ọjọ́ 27 oṣù kẹta ká. Àwọn Angels yẹn náà ni, ilé la ti máa gbà wọ́n.

Bá mi kí bàbá àwọn ọmọ. Sọ bí 3SC ṣe ń ṣe fún mi.

Ọ̀rẹ́ ẹ ni