Sí àbúrò mi tó fẹ́ gbalé ní Stedum

Àbúrò mi,

Mo ti gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp. Mo ti gbọ́ ti Màmá náà, tó gùn ju tìrẹ lọ. Ìwọ ń yọ̀ pé o ti rí odidi ilé ní Stedum, abúlé kan nítòsí ìlú Groningen ní Nẹ́dálándì níbí, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ ṣì ń wá yàrá kiri ìlú Groningen. Màmá ń bi mí pé ṣé torí kí o lè lọ gbé abúlé ni wọ́n ṣe ta ilẹ̀ rán ọ lọ sókè òkun. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Màmá lóhùn, torí mo mọ̀ pé ìwọ lo máa ka lẹ́tà yìí sí wọn létí.

Màmá, abúlé tibí kì í ṣe èyí tí à ń sá kúrò níbẹ̀. Iná kì í lọ. Omi ẹ̀rọ inú kíṣìnnì ni wọ́n ń mu. Ọkọ̀ ojú irin tó ń ti Groningen lọ sí Delfzijl máa ń dúró ní Stedum, bí ogún ìṣẹ́jú ni láti Groningen dé ibẹ̀, ọkọ̀ sì ń wá ní ìdajì wákàtí síra wọn lójú ọ̀sán. Ẹni tó bá ń ti Ìkòròdú lọ sí Yaba lójoojúmọ́ á kí i kú oríire. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni ọjà alẹ́, ariwo, àti ẹni tó máa bá a sọ̀rọ̀ bí òun fúnra rẹ̀ ò bá kọ́kọ́ lanu.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ilé. Mo rí i nínú ìpolówó tí o fi ránṣẹ́ pé wọ́n kọ kaal sí i. Jókòó dáadáa. Bí wọ́n bá kọ bẹ́ẹ̀, ògiri, òrùlé, ilé ìwẹ̀ àti síńkì ni o ń háyà. Kò ní kọ́tìnnì. Kò ní gúlóòbù, wáyà lásán ni wàá rí tó ń yọ lókè àjà. Ilẹ̀ pàápàá lè má ní ohun tó bò ó: ayálégbé tó ń kó jáde máa ń ká láminéètì rẹ̀ lọ, torí owó ara rẹ̀ ló fi rà á, bí kò bá sì ká a, onílé lè ní kó padà wá ká a. Bí ẹnì kan bá ń kó jáde nílé wa tó ń ṣí ohun tó tẹ́ sílẹ̀, àdúgbò á ní wọ́n ti ṣe é. Níbí, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Ọ̀nà àbáyọ wà, overname ni wọ́n ń pè é. Kí ayálégbé náà tó mú irinṣẹ́, ní kí ajẹ́ntì bá ọ bi í bóyá á ta ohun tó tẹ́ sílẹ̀ àti kọ́tìnnì fún ọ. Ó sábà máa ń dín owó wọn kù, torí òun náà ò fẹ́ wàhálà kíká a. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì fojú ara rẹ wò ó kí o tó san kọ́bọ̀. Mo mọ ẹni tí wọ́n ta kápẹ́ẹ̀tì tí ajá ti tọ̀ sí fún. Bó bá jẹ́ gestoffeerd ni wọ́n kọ, ohun tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ àti kọ́tìnnì wà níbẹ̀. Gemeubileerd ló ní bẹ́ẹ̀dì àti àga, owó rẹ̀ á sì fi hàn bẹ́ẹ̀.

Nípa owó, ọkàn rẹ lè balẹ̀ ju bó ṣe máa balẹ̀ ní Èkó lọ. Òfin Èkó ti ọdún 2011 ní onílé ò gbọ́dọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ìwọ náà mọ bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́. Ní Nẹ́dálándì, láti oṣù keje ọdún 2023, owó kọ́ṣọ̀n ò gbọ́dọ̀ ju owó ilé oṣù méjì lọ. Bí o bá kó jáde tí kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ yọ nínú rẹ̀, ọjọ́ 14 ni wọ́n ní láti dá a padà. Ajẹ́ntì tó ń ṣiṣẹ́ fún onílé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ rárá. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ló sì ní ibi tí èèyàn ti lè fi ẹjọ́ onílé sùn, láìmọ ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2024, àgírímẹ́ǹtì tí kò ní ọjọ́ ìparí ni òfin fẹ́. Àmọ́ fiyè sí i: akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ìlú mìíràn tàbí láti òkè òkun wà lára àwọn tí wọ́n ṣì lè fún ní èyí tó ní gbèdéke. Béèrè ewo ni tìrẹ. Béèrè póìntì ilé náà pẹ̀lú. Ìwọ̀n yàrá, kíṣìnnì, bí ilé ṣe ń pa ooru mọ́, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń fún ní póìntì, iye póìntì yìí ló sì ń sọ iye tí onílé lè gbà lórí ọ̀pọ̀ jù lọ ilé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 ni ó ti di dandan kí onílé fi ìṣirò náà mọ́ àgírímẹ́ǹtì tuntun. Bó bá gbà ju bó ṣe yẹ lọ, Huurcommissie, ìgbìmọ̀ tó ń yanjú aáwọ̀ owó ilé, ni wàá gbé e lọ.

Ohun kan ṣoṣo tó lè mú kí n ní kí o sá ni bí onílé bá sọ pé o ò lè forúkọ sílẹ̀ lórí àdírẹ́sì òun. Ọjọ́ márùn-ún péré lo ní láti lọ forúkọ sílẹ̀ bí o bá dé, lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ Eemsdelta ni tìrẹ. Láìsí i, kò sí BSN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba ń fún olúkúlùkù, báńkì á sì máa dá ọ lọ dá ọ bọ̀.

Mo ní láti sọ ọ̀rọ̀ kan tí ajẹ́ntì ò ní fẹnu ara rẹ̀ sọ. Gáàsì wà lábẹ́ ilẹ̀ tí o ń lọ yẹn. Ọdún 1959 ni wọ́n rí i lágbègbè Slochteren, wọ́n wà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ní ọjọ́ 16 oṣù kẹjọ ọdún 2012, ó mì ní Huizinge, tí kò jìnnà sí Stedum, agbára rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n ìmìtìtì ilẹ̀ sì jẹ́ 3.6. Kò sí èyí tó lágbára tó o nínú gbogbo èyí tí gáàsì náà fà. Ògiri sán, igi ńlá ni wọ́n fi ti ilé mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kó má wó. Wọ́n dáwọ́ wíwa gáàsì náà dúró ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ò tíì dákẹ́ tán. Ará Ìlàjẹ kò ní béèrè àlàyé lọ́wọ́ wọn; àwọn náà mọ bó ṣe máa ń rí kí ọrọ̀ wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni kí ilé ẹni sì máa bàjẹ́ lórí rẹ̀. Má torí èyí sọ pé o ò lọ mọ́. Ṣùgbọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n ti tún ilé náà ṣe kó lè dúró, tàbí àtúnṣe náà ṣì wà lórí ìwé. Bó bá ṣì wà lórí ìwé, wọ́n lè ní kí o kó lọ sí ilé onígbà díẹ̀ láàárín ọdún ìdánwò rẹ. Ya fọ́tò gbogbo ibi tó sán lọ́jọ́ tí wọ́n bá fún ọ ní kọ́kọ́rọ́.

Àwọn aládùúgbò wá ńkọ́? Níbẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló ń lọ kan ilẹ̀kùn. Lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, lọ sí tòsì, lọ sí iwájú, bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, sọ orúkọ rẹ àti nọ́ńbà ilé rẹ. Má kúnlẹ̀ o. Ẹni tí o bá kúnlẹ̀ fún á rò pé nǹkan rẹ jábọ́. Má sì lọ ní agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, oúnjẹ ni wọ́n ń jẹ nígbà yẹn, kò sì sí "wá bá wa jẹun" níbẹ̀. Bí o bá ti kí wọn báyìí tán, àwọn kan náà ni wọ́n á bá ọ ti agolo ìdọ̀tí rẹ padà sẹ́nu ọ̀nà bí o bá wà ní iléèwé.

Ilé tó so mọ́ra ni tìrẹ, ògiri kan ni ìwọ àti ẹnìkejì jọ ń lò. Ní abúlé tí mò ń gbé ní Drenthe níbí, aládùúgbò mi fara balẹ̀ bi mí ní ọjọ́ Àìkú kan bóyá mò ń tún ilé ṣe ni. Iyán ni mò ń gún. Ó jẹ níbẹ̀, ó ní ó dà bí ànàmọ́ tí wọ́n tẹ̀, mo fojú fò ó. Nítorí náà, gbé èlùbọ́ àti irú wá, fi odó sílẹ̀.

Ní Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù, lágogo méjìlá ọ̀sán, fèrè ńlá kan á ké jákèjádò orílẹ̀-èdè. Wọ́n ń dán an wò ni, má sáré jáde. Ní alẹ́ ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá, àwọn ọmọdé á gbé àtùpà wá kọrin lẹ́nu ọ̀nà rẹ. Ra súwíìtì sílẹ̀, kí o sì gbọ́ orin náà tán kí o tó fún wọn.

Ilé kì í pẹ́ lórí àtẹ. Kọ̀wé sí ajẹ́ntì lálẹ́ òní, kí o sì fi àgírímẹ́ǹtì ránṣẹ́ sí mi kí o tó fọwọ́ sí i, torí èdè Dutch ni wọ́n máa fi kọ ọ́. Bí wọ́n bá gbà ọ́, ọkọ mi ní òun á yá tírélà, a ó gbé láminéètì wá lọ́jọ́ Sátidé, ìwọ lo máa se oúnjẹ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ